Gébálì, Ìlú Èbúté Tó Wà Nínú Orúkọ Bíbélì

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá nínú Olúwa, mo kí yín o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, mo rí yín, mo sì mọ ìdí tí ẹ fi jókòó síbẹ̀. N kò ní pẹ́. Ẹ kàn bá mi ṣí Ìsíkíẹ́lì orí 27, ẹsẹ 9. Ẹni tó bá ń lo fóònù lè wá a níbẹ̀, kó má ṣáà yà sí WhatsApp.

Orin arò ni orí yìí. Ọlọ́run ní kí wòlíì pohùn réré ẹkún lórí Tírè, ìlú olówó etí òkun. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe gbé e gbà. Ó ṣe é bí ọdẹ ṣe ń sun ìrèmọ̀jé: kí ó tó débi ikú, ó ti ń ki òkú. Ó sọ Tírè di ọkọ̀ ojú omi tó rẹwà, ó wá ń ka ibi tí wọ́n ti rí ohun èlò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òpó rẹ̀, igi kédárì Lẹ́bánónì ni. Àjẹ̀ rẹ̀, igi óákù Báṣánì. Ìgbòkun rẹ̀, aṣọ ọ̀gbọ̀ Íjíbítì. Àwọn tó ń wà á wá láti Sídónì àti Áfádì. Nígbà tó dé ẹsẹ 9, ó ní àwọn àgbà Gébálì àti àwọn ọlọ́gbọ́n ibẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà, àwọn ló ń dí ibi tó bá ń jò.

Ó kọjá síwájú. Èmi náà ti ka ẹsẹ yẹn kọjá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí n tó wá mọ̀ pé ìlú tí mo ń kà kọjá yẹn, orúkọ rẹ̀ ló wà lára èèpo ìwé tí mo fi ń kà á. Ìyẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúró díẹ̀ níbi iṣẹ́ tí wòlíì yàn fún wọn. Ẹni tó bá dàgbà sétí ọ̀sà, kó jẹ́ Ìlàjẹ, kó jẹ́ Ẹ̀gùn, kó jẹ́ ará Èkó, mọ ohun tí mò ń sọ. Pákó méjì tí a bá so pọ̀, bó ti wù kó fẹnu kora tó, omi á wá ọ̀nà gbà. Wọ́n á ki okùn tàbí òwú bọ ojú rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀dà lé e. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ láyọ̀, kò sẹ́ni tó ń rántí ẹni tó dí i. Àmọ́ bó bá ku ibì kan tí kò dí, gbogbo ẹrù ọjà á di ti olókun. Ẹ sì kíyè sí i pé wòlíì kò ní àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń ṣe é. Àwọn àgbà ló ní.

Gébálì tún fara hàn níbòmíràn. Nínú Jóṣúà 13:5, ilẹ̀ àwọn ará Gébálì wà lára ilẹ̀ tó ṣẹ́kù tí Ísírẹ́lì kò tíì gbà. Nínú 1 Àwọn Ọba 5:18, wọ́n wà láàárín àwọn tó ń gbẹ́ òkúta tí wọ́n sì ń la igi fún tẹ́ńpìlì Sólómọ́nì. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 kò tilẹ̀ mọ̀ pé orúkọ ìlú ni ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀, ó kàn pè wọ́n ní agbẹ́kùúta. Àwọn ìtumọ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló dá orúkọ padà fún wọn. Ẹnì kan á ní, "Gébálì ti Orin Dáfídì 83 ńkọ́, tó dìtẹ̀ mọ́ Ísírẹ́lì?" Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ibòmíràn nìyẹn, ní gúúsù, lápá ọ̀dọ̀ Édómù, torí pé ẹ̀gbẹ́ Ámónì àti Ámálékì ni orúkọ náà jókòó sí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìlú náà wà títí dòní. Ní Lẹ́bánónì ló wà, létí òkun Mẹditaréníà, ní àríwá Bèírúùtù, ibi tí mọ́tò lè dé láàárín wákàtí kan bí ọ̀nà bá já gaara. Jubayl ni wọ́n ń pè é lédè Lárúbáwá, ẹnu àwọn ará ibẹ̀ sì gé e sí Jbeil. Ẹ gbọ́ Gébálì nínú rẹ̀? Orúkọ kan náà ni. Nínú àwọn lẹ́tà àtijọ́ tí wọ́n kọ sórí amọ̀, Gubla ni. Àwọn ará Íjíbítì ń pè é ní Kebeni tàbí Kepeni. Àwọn ajagun ẹ̀sìn tó ti Yúróòpù wá ní sẹ́ńtúrì kejìlá pè é ní Gibelet. Gbogbo wọn ń bá orúkọ ìlú náà jà lẹ́nu ara wọn ni, kò sì bọ́ pátá.

Àwọn Gíríìkì nìkan ló pè é ní ohun tó yàtọ̀ gédégédé. Wọ́n pè é ní Byblos.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Àwa náà ní ìlú èbúté tí àwọn Pọtogí dé, tí wọ́n rí omi ọ̀sà rẹpẹtẹ, tí wọ́n pe ibẹ̀ ní Lagos. Lagos ló wà nínú ìwé ìrìnnà, Lagos ni báálù ń kéde. Ṣùgbọ́n ẹ dé Ìsàlẹ̀ Èkó kí ẹ bi ìyá arúgbó kan léèrè ibi tó ti wá, ẹ ó gbọ́ èyí tó máa dá yín lóhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Jbeil ṣe rí. Byblos wà fún àlejò, orúkọ ilé wà nílé.

Ìlú náà ti pẹ́ kọjá bí a ṣe lè rò. Àwọn tó ń walẹ̀ níbẹ̀ rí ilé àwọn apẹja tí wọ́n ti gbé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 7000 kí a tó bí Jésù, èèyàn ò sì fibẹ̀ sílẹ̀ pátápátá láti ìgbà náà. Ohun tó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀ ni igi. Íjíbítì ní wúrà, ó ní ọkà, ó ní odò Náílì, ṣùgbọ́n kò ní igi gbọọrọ tó ṣeé fi kan ọkọ̀ ńlá tàbí ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì. Kédárì wà lórí òkè tó wà lẹ́yìn Gébálì. Wọ́n á gé e, wọ́n á wọ́ ọ wá sétí omi, ọkọ̀ á gbé e lọ sí gúúsù. Nínú àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n fín sára òkúta, tí ó ka iṣẹ́ àwọn Fáráò láti ọdún dé ọdún, a rí i pé ní ayé Fáráò Sneferu, ọkọ̀ 40 ló kó kédárì dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Khufu, ọmọ rẹ̀ tó kọ́ pírámíìdì, òkìtì òkúta ńlá Gíísà, ni wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì náà ní ọdún 1954. Kédárì Lẹ́bánónì ni, gígùn rẹ̀ lé ní mítà 43. Nígbà tó yá, ọkọ̀ tó bá lè rin òkun, "ọkọ̀ Kebeni" ni àwọn ará Íjíbítì ń pè é, kódà bó jẹ́ apá ibòmíràn ló ń lọ.

Àjọṣe náà kì í fi ìgbà gbogbo dán mọ́rán. Ní nǹkan bí 1,350 ọdún kí a tó bí Jésù, ọba kan wà ní Gébálì tó ń jẹ́ Rib-Hadda. Ọ̀tá ká a mọ́, ó sì ń kọ̀wé sí Fáráò pé kó rán ọmọ ogun wá. Ó kọ, ó tún kọ. Lẹ́tà rẹ̀ tí a rí tó nǹkan bí 60, lára àwọn wàláà amọ̀ tí wọ́n hú jáde ní Íjíbítì ní ọdún 1887. Ọ̀rọ̀ náà sú Fáráò débi tó fi béèrè ìdí tí Rib-Hadda nìkan fi ń kọ̀wé ju gbogbo àwọn ọba tó kù lọ. Ẹ mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ọkùnrin náà ń sọ: àbúrò rẹ̀ ló gba ìlú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo ìtàn Gébálì ni ti Wenamun, òun ni mo sì máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, ẹ má bínú.

Alábòójútó tẹ́ńpìlì òrìṣà Ámúnì ni Wenamun, ní ìlú Tíbésì ní Íjíbítì. Ó lé díẹ̀ ní 1,000 ọdún kí a tó bí Jésù, wọ́n rán an sí Gébálì kó lọ ra igi fún ọkọ̀ òrìṣà náà. Agbára Íjíbítì ti ń fà sẹ́yìn nígbà náà. Ó dé èbúté kan lójú ọ̀nà, Dórì, ìlú tí Bíbélì náà mọ̀, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ rẹ̀ jí wúrà àti fàdákà rẹ̀, ó sá lọ. Ó dé Gébálì lọ́wọ́ òfo. Zakarbaal ọba Gébálì ránṣẹ́ sí i: "Kúrò ní èbúté mi." Wenamun ò rí ọkọ̀ tí yóò wọ̀. Lójoojúmọ́ ni ọba ń rán irú iṣẹ́ yẹn sí i, fún ọjọ́ 29.

Ó wá rí ọkọ̀ kan, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ń dúró kí ilẹ̀ ṣú kó lè yọ́ wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an, ọba ń rúbọ sí àwọn òrìṣà rẹ̀, òrìṣà bá gun ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wọn. Àwa mọ ohun tí gígùn jẹ́, kò yẹ kí n ṣàlàyé ìyẹn fún Yorùbá. Ọmọ náà ń pariwo pé kí wọ́n mú ońṣẹ́ náà wá, pé Ámúnì ló rán an. Báyìí ni ọba ṣe dá a dúró.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n mú un gòkè lọ sọ́dọ̀ ọba. Zakarbaal jókòó sí yàrá òkè, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé, Wenamun sì kọ ọ́ pé bí òun ṣe ń wò ó, ńṣe ni ìgbì òkun ńlá ń fọ́ lẹ́yìn orí rẹ̀. Ọba béèrè lẹ́tà ẹ̀rí. Kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó béèrè owó, kò sí. Wenamun ní bàbá rẹ àti bàbá bàbá rẹ ṣe é, ìwọ náà á ṣe é. Ọba ní lóòótọ́ ni wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n ọkọ̀ mẹ́fà ni Fáráò kó ẹrù kún wá fún wọn. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé ọjà àwọn bàbá òun wá, wọ́n kà á sí Wenamun létí: fàdákà báyìí, fàdákà báyìí. Ó wá ní òun kì í ṣe ẹrú Wenamun, òun kì í sì í ṣe ẹrú ẹni tó rán an.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ońṣẹ́ mú orúkọ òrìṣà dání, oníṣòwò mú ìwé ọjà jáde.

Wenamun ránṣẹ́ sílé. Ohun tí Íjíbítì fi ránṣẹ́ nìyí, torí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: wúrà, fàdákà, aṣọ ọ̀gbọ̀, awọ màlúù 500, okùn 500, lẹ́ńtìlì àpò 20, ẹja agbọ̀n 30. Àti pápírọ́ọ̀sì, ìwé tí a ká, tí a ò tíì kọ nǹkan kan sí, 500. Inú ọba dùn. Ó kó ọkùnrin 300 àti màlúù 300 síta láti lọ gé igi.

Ìyà Wenamun kò tíì tán. Ọkọ̀ àwọn ará Dórì dé láti mú un, torí pé òun náà ti gba fàdákà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wọn gẹ́gẹ́ bí gbà-máà-bínú. Ó jókòó sétíkun, ó ń sunkún. Akọ̀wé ọba bi í léèrè ohun tó ṣe é. Ó ní, "Ṣé o ò rí àwọn ẹyẹ wọ̀nyí tí wọ́n tún ń lọ sí Íjíbítì lẹ́ẹ̀kejì ni?" Ó ti lé lọ́dún kan tó ti kúrò nílé. Ọba fi ọtí àti àgbò kan ránṣẹ́ sí i, ó sì rán akọrin obìnrin kan, ọmọ Íjíbítì, kó lọ kọrin fún un kí ọkàn rẹ̀ má baà máa ronú. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní ìlú òyìnbó, ẹ mọ ohun tí orin ilé ń ṣe fún ẹni tó wà lájò.

Ìwé náà já lójijì, a ò mọ bó ṣe délé. Mọsíkò ni ìwé ọ̀hún wà báyìí. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ìròyìn òtítọ́ ni, àwọn mìíràn ní àlọ́ tí wọ́n hun dáadáa ni. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹni tó kọ ọ́ mọ Gébálì dénú, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń fi owó igi rà níbẹ̀.

Ìwé 500 yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Koríko etí odò ni pápírọ́ọ̀sì, ó ga ju èèyàn lọ. Wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á gé inú rẹ̀ tínrín-tínrín, wọ́n á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á tún to ìpele kejì dábùú rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Omi ara rẹ̀ ló fi ń lẹ̀. Bó bá gbẹ, ó di ìwé. Íjíbítì ló ń ṣe é, Gébálì ń rà á, Gébálì ń tà á.

Àwọn Gíríìkì ń pe koríko náà àti ìwé tí a fi ṣe ní byblos tàbí biblos. Wọ́n ń pe ìlú náà ní Byblos. Ṣé ìlú ló fún koríko lórúkọ ni, àbí koríko ló fún ìlú? Àlàyé tó gbajúmọ̀ ni pé ọwọ́ àwọn oníṣòwò Gébálì ni Gíríìkì ti ń ra ìwé, ni wọ́n bá fi orúkọ ìlú pe ìwé náà. Àwọn onímọ̀ èdè kan ò gbà. Wọ́n ní ẹnu Gíríìkì ló lọ́ Gubla títí ó fi dún bí orúkọ ohun tí wọ́n ti mọ̀. Mi ò ní dá ẹjọ́ náà níbí. Ohun tó dá mi lójú ni pé ọjà máa ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ìlú. Aṣọ dámáàsìkì tí àwọn ìyá wa fi ń wé gèlè, Dámásíkù tí Pọ́ọ̀lù ń lọ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bù yẹ̀rì sí i ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ẹni tó ń ra aṣọ ní Báálógun ò gbúròó Síríà. Bébà náà, tí àwọn mìíràn ń pè ní pépà, ọmọ pápírọ́ọ̀sì ni láti ẹnu Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà bí ẹ bá ní "bébà Bíbélì", ẹ ti dárúkọ koríko kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Bébà nìkan kọ́ ló gba ibẹ̀ kọjá. Ní ọdún 1923, Pierre Montet, ọmọ Faransé tó ń walẹ̀ níbẹ̀, rí pósí òkúta ọba kan tó ń jẹ́ Ahiram. Ithobaal ọmọ rẹ̀ ló ṣe é fún un, ní nǹkan bí 1,000 ọdún kí a tó bí Jésù, ó sì kọ èpè sára rẹ̀: ẹni tó bá ṣí pósí yìí, kí ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ ṣẹ́, kí ìtẹ́ rẹ̀ dojú dé. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn Foníṣíà, ìyẹn àwọn ará etí òkun bíi Gébálì, Tírè àti Sídónì, ni wọ́n fi kọ èpè náà, lẹ́tà 22 péré, ó sì wà lára èyí tó pẹ́ jù tó sì gùn jù tí a rí. Lọ́wọ́ àwọn Foníṣíà ni Gíríìkì ti gba lẹ́tà. Álẹ́fì wọn, tó túmọ̀ sí màlúù, di alpha. Bẹ́ẹ̀tì, tó túmọ̀ sí ilé, di beta. Gíríìkì gbé e fún Róòmù, Róòmù gbé e fún Yúróòpù, òun náà ló di ábídí tí wọ́n fi pàṣán kọ́ wa. Àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ ni tiwa nínú rẹ̀. Pósí Ahiram wà ní mùsíọ́mù ìjọba ní Bèírúùtù. Nígbà ogun abẹ́lé Lẹ́bánónì, láti 1975 sí 1990, mùsíọ́mù náà wà lójú ọ̀nà ìbọn gan-an, ọ̀gá tó ń bójú tó o sì ní kí wọ́n fi kọnkéré bo àwọn òkúta ńlá tí wọn ò lè gbé. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n fọ́ ọ jáde.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí orúkọ. Biblos ni ìwé. Ìwé kékeré, biblion. Bí ó bá pọ̀, biblia. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù wà ní túbú tí òtútù ń mú un, ó kọ̀wé sí Tímótíù pé kó bá òun mú aṣọ òtútù tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì wá, àti àwọn ìwé: biblia ló kọ. Kò sí ohun mímọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn, ìwé lásán ni. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn onígbàgbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ìwé Mímọ́ ní "àwọn ìwé", biblia. Èdè Látìnì gbà á, nígbà tó yá àwọn èèyàn Yúróòpù gbàgbé pé ọ̀pọ̀ ni. Wọ́n sọ ọ́ di ẹyọ kan. Gẹ̀ẹ́sì gé e sí Bible. Àwa na ẹnu rẹ̀ padà, ó di Bíbélì. Àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀, tí ìjọba wọn ń sọ Faransé, ní ọ̀kan sí i: bibliothèque ni wọ́n kọ sára ilé ìkówèésí.

Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, ló ṣe olórí iṣẹ́ ìtumọ̀ sí Yorùbá. Lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù jáde ní 1850, odindi rẹ̀ ní 1884. Májẹ̀mú, wòlíì, àlùfáà, ìràpadà: gbogbo ìwọ̀nyẹn ni wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún. Ṣùgbọ́n orúkọ ìwé náà fúnra rẹ̀, Bíbélì Mímọ́ ni. Ìlú èbúté yẹn wọlé wá bá wa, kò kànlẹ̀kùn.

Jbeil kì í ṣe ìlú ńlá mọ́. Èbúté rẹ̀ kéré, ọkọ̀ apẹja ló pọ̀ níbẹ̀. Ilé olódi àwọn ajagun ẹ̀sìn ṣì dúró, òpó òkúta àwọn ará Róòmù ni wọ́n fi há inú ògiri rẹ̀ kó lè le. UNESCO ka ìlú náà mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 1984. Kédárì ló ṣòfò. Wọ́n gé e débi pé Olú Ọba Hadrian ti Róòmù ní kí wọ́n kọ ọ́ sára àpáta káàkiri òkè náà pé igi ọba ni. Nǹkan bí 200 irú àkọlé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí. Ìwọ̀nba igbó díẹ̀ ló kù, àti èyí tó wà lára àsíá Lẹ́bánónì.

Ó ku nǹkan kan, kí n tó jókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹ̀yìn yẹn, kí ẹnì kan nínú yín dìde kó bá wa ka Mátíù orí kìíní, ẹsẹ kìíní. Ẹ ṣeun. Sọ̀rọ̀ sókè, ọmọ mi.

Ọmọ náà dìde, ó sì kà á: "Ìwé ìran Jésù Krístì, ọmọ Dáfídì..."

Mo ní kó dúró. Mo ní kó padà sẹ́yìn, kó ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn nìkan.

"Ìwé."

Lédè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ọ́, ibẹ̀ náà ni Májẹ̀mú Tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Biblos.